Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: kí a wọ bàálù tààrà ni, àbí èyí tó máa yà lọ́nà?

Bí a bá ta okùn láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, okùn náà á gùn tó kìlómítà 5,000, ìyẹn nǹkan bíi máìlì 3,100. Bàálù ńlá tó ń sá kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan á fò ó ní wákàtí 6 àti díẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 50, nítorí wọ́n ti ka ìgbà tí bàálù ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra mọ́ ọn, àti ìgbà tó ń yí po lókè Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n á fi ní kó máa bọ̀ nílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lọ́wọ́ fóònù rẹ̀ á rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà yìí fún ara mi, mo ti rà á fún àbúrò mi nígbà tó ń lọ kàwé, mo sì ti rà á fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrírí yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nọ́ńbà kìlómítà kò sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Iye wákàtí tí èèyàn fi jókòó ní pápákọ̀ ìlú onílùú, aago tí bàálù balẹ̀, ọjọ́ orí ẹni tó ń lọ àti àdúgbò tó ń lọ gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń sọ bí ìrìn àjò náà ṣe máa rí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó kékeré mọ́, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó kó owó ńlá sílẹ̀ ra ìnira.

Ọ̀nà tí bàálù ń tọ̀

Ẹ mú máàpù, kí ẹ fi rúlà kan Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Rúlà yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró ṣánṣán. Èkó fi bíi dígírì 3 wà ní ìhà ìlà oòrùn Greenwich, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka dígírì ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, Heathrow sì fi ìdajì dígírì wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Àríwá ni bàálù ń kọjú sí láti Ìkẹjà. Á tọ ẹ̀gbẹ́ ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ gòkè, á kọjá lórí ilẹ̀ Niger, á wọ aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, á ré òkun Mẹditaréníà kọjá, á gba orí ilẹ̀ Faransé, kó tó fo omi tóóró tó pààlà sí ilẹ̀ Faransé àti Ìlú Ọba. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ìyanrìn pupa yẹn á bá yín lọ fún wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń rán mi létí bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe tóbi tó.

Nítorí pé ọ̀nà náà nàró báyìí, ara kì í dààmú pẹ̀lú aago. Ẹni tó ti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà lè fi ọjọ́ mẹ́rin máa jí láàárín òru, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù á sùn nígbà tó máa ń sùn nílé. Afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ̀nà yìí lẹ́nu. Òun ló fà á tí àlọ Èkó sí Atlanta fi máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba.

Ohun tó lè yọ ọ́ lẹ́nu ni ìjọba àwọn tí bàálù ń gba orí ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Láàárín oṣù yẹn, ńṣe ni àwọn bàálù Lọ́ńdọ̀nù ń yí gba ọ̀nà mìíràn. Ìlú méjèèjì kò sún kúrò níbi tí wọ́n wà, síbẹ̀ ọ̀nà gùn sí i.

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Aago tí tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ ni aago ìlú tí bàálù wà lásìkò náà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù bára mu. Ní àwọn oṣù tó kù, Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú.

Ká ní bàálù gbéra ní Èkó ní aago 10:30 àárọ̀, tó sì lo wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40. Bó bá jẹ́ oṣù keje, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́ ló máa balẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù kejìlá, aago 4:10 ni wọ́n máa kọ, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé bàálù yẹn yára jù. Nígbà àbọ̀, ó yí padà. Bàálù tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 10:30 alẹ́ nínú oṣù kejìlá, tó lo wákàtí 6 ààbọ̀, á balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago 6:00 àárọ̀. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, ó dà bí ẹni pé ó fi wákàtí 7 ààbọ̀ rìn.

Bí bàálù yín bá máa yà lọ́nà, ìṣirò náà tún le sí i. Istanbul ní Turkey, Addis Ababa ní Ethiopia àti Doha ní Qatar fi wákàtí 2 ṣíwájú Èkó. Ní Addis Ababa, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa bí ẹ bá bi ará ìlú ní aago: láti ìdájí ni àwọn ará Ethiopia ti ń ka wákàtí ọjọ́, nítorí náà aago 2 tiwọn ni aago 8 àárọ̀ tiwa. Aago gbogbo ayé ni wọ́n ń lò lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti lójú pátákó pápákọ̀. Èyí tí ẹ rí kà lójú pátákó ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí a wá fi wọ́n síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọ̀nà kan ò wọjà. British Airways àti Virgin Atlantic ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Heathrow tààrà. Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ẹ lè gba ìlú mìíràn kọjá. Kìlómítà inú tábìlì yìí jẹ́ bí ẹyẹ ṣe ń fò, láti Èkó dé ìlú tí bàálù yà sí, àti láti ibẹ̀ dé Heathrow. Wákàtí ìdúró láàárín bàálù méjì kò sí níbẹ̀.

| Ọ̀nà | Kìlómítà lápapọ̀ (bíi) | Wákàtí inú bàálù (bíi) |
|---|---|---|
| Tààrà | 5,000 | 6½ sí 7 |
| Paris | 5,070 | 7½ sí 8 |
| Casablanca (Morocco) | 5,280 | 8 |
| Istanbul | 7,090 | 11 |
| Cairo | 7,460 | 10½ sí 11 |
| Addis Ababa | 9,830 | 13 |
| Doha | 10,770 | 14 sí 15 |

Ẹ wo Casablanca dáadáa. Kìlómítà 280 péré ló fi ju tààrà lọ, ìyẹn bí ẹni lọ láti Èkó sí Ìbàdàn tó sì padà. Ìlú náà wà létí ọ̀nà. Paris sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo Doha, tó ju ìlọ́po méjì lọ: ẹni tó gba ibẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ sí ìlà oòrùn tán kó tó padà wá máa gòkè. Addis Ababa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ṣé kí a wá sọ pé Casablanca ló dáa jù nínú àwọn tó ń yà? Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì Casablanca tí wọ́n ní kí èèyàn dúró fún wákàtí 11 láàárín bàálù méjì, mo sì ti rí ti Addis Ababa tí ìdúró rẹ̀ kò ju wákàtí 2 ààbọ̀ lọ. Wákàtí 8 àti 11 jẹ́ 19. Wákàtí 13 àti 2 ààbọ̀ jẹ́ 15 ààbọ̀. Ọ̀nà tó gùn jù wá di èyí tó tètè dé. Bí ẹ bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n kọ àpapọ̀ wákàtí sí ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wo owó, kí ẹ tó wo orúkọ ìlú.

Ní ti owó, mo ní ìṣirò kan tí mo máa ń ṣe. Mo máa yọ owó èyí tó ń yà kúrò nínú owó èyí tó ń lọ tààrà, lẹ́yìn náà ni mo máa pín ohun tó kù sí iye wákàtí tó fi pẹ́ ju tààrà lọ. Ká ní mo máa fi ₦200,000 pamọ́, mo sì máa fi wákàtí 10 pẹ́ sí i. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń san ₦20,000 fún mi lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan láti máa jókòó sí pápákọ̀. Bí èmi bá ni, tí ara mi le, tí mo ní ìwé tí mo fẹ́ kà, mo gbà. Fún ìyá mi tí orúnkún ń dùn, n kò gbà á, kódà kó jẹ́ ₦40,000.

Ìdúró láàárín bàálù méjì

Ìyá mi ti lé ní 65 nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bímọ àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní láti lọ wẹ ọmọ. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo rí ọ̀kan tó dínwó, tó máa yà síbì kan, tí ìdúró ibẹ̀ jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Inú mi dùn, mo ní kò ní jókòó pẹ́. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ sì bo Èkó lọ́jọ́ náà débi pé a kò rí òpin ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀. Bàálù fi wákàtí kan àti díẹ̀ pẹ́ kó tó gbéra.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo èrò ti jáde tán, mi ò rí Màámi o." Nǹkan bíi wákàtí 5 ni a kò fi mọ ibi tí ìyá wa wà. Síìmù Nàìjíríà tó wà nínú fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ yẹn, tó gbọ́ Yorùbá, ló yá a ní fóònù tirẹ̀. Ohun tí Màámi sọ fún mi ni pé, "Wọ́n kàn ń nawọ́ sí ibì kan, mi ò gbọ́ èdè wọn." Bàálù kejì ti lọ. Orí àga ló sùn mọ́jú, pẹ̀lú àpò tí ó kó aṣọ ìkókó sí láyà.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ra ìdúró tí kò tó wákàtí 2 ààbọ̀ fún ara mi, n kò sì jẹ́ kó ju 5 lọ. Bó bá kéré jù, ìdádúró kékeré ní Ìkẹjà á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì tí ọyẹ́ ń fẹ́, mo máa ń fi wákàtí kan kún un. Bó bá sì pọ̀ jù, èèyàn á máa ra oúnjẹ olówó ńlá títí èyí tó rò pé òun fi pamọ́ á fi tán.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju iye wákàtí lọ, ìyẹn ni pé kí bàálù méjèèjì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí bàálù àkọ́kọ́ pẹ́, ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló máa wá bàálù mìíràn fún yín, ẹrù yín á sì lọ tààrà dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan dé Yúróòpù, èkejì láti ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ó jọ pé ó dínwó. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìkejì ti jóná nìyẹn. Ẹ tún ní láti jáde lọ gba ẹrù yín kí ẹ sì tún un gbé kalẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ nílò físà ìlú náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ọ̀rọ̀ físà yìí kan àwọn tí kò ní jáde pàápàá. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí Yúróòpù kọ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ wọn nílò físà láti kọjá nínú pápákọ̀ òfurufú àwọn ìlú Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà), bí wọn kò tilẹ̀ kúrò nínú ilé pápákọ̀. Paris, Amsterdam àti Frankfurt wà nínú rẹ̀. Ìwé mìíràn tó wà lọ́wọ́ èèyàn, bíi ìwé ìgbé Yúróòpù tàbí físà Amẹ́ríkà, lè yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi físà Ìlú Ọba nìkan ṣe ẹ̀rí: ẹ bi ilé iṣẹ́ bàálù kí ẹ tó sanwó, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ. Wọ́n lè dá èèyàn padà ní Ìkẹjà, níwájú kàǹtà, pẹ̀lú ẹrù tí gbogbo ilé ti bá a dì.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé

Ká ní ẹ ń gbé ní Sùúrùlérè, ẹ sì ń lọ sí Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù tààrà yín máa gbéra ní aago 10:30. Ẹ kúrò nílé ní aago 6:00 nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti ìlà àyẹ̀wò. Ẹ balẹ̀ ní aago 5:10 ìrọ̀lẹ́, ẹ fi wákàtí 1 ààbọ̀ tò níwájú àwọn aṣọ́bodè kí ẹ sì gba ẹrù, ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Aago 7:55 alẹ́ ni ẹ kan ilẹ̀kùn. Ó jẹ́ wákàtí 14 díẹ̀ kù, kò sì tó ìdajì rẹ̀ tí ẹ fi wà nínú bàálù. Bí ẹ bá gba Casablanca pẹ̀lú ìdúró wákàtí 4, ó di wákàtí 19. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn á fi wákàtí 3 kún un, ó kéré tán, tàbí kó wá sùn mọ́jú ní Èkó. Èmi á gbà á nímọ̀ràn pé kó wá sùn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n wá sí Èkó rárá. Abuja sí Heathrow jẹ́ bíi kìlómítà 4,770, ó fi 230 kéré sí ti Èkó, bàálù tààrà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja sún mọ́ Abuja ju Èkó lọ púpọ̀. Mo mọ ìdílé kan ní ilẹ̀ Òkun, ní agbègbè Kàbbà yẹn, tó ń rin ọ̀nà wá sí Ìkẹjà láti ọdún pípẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá wọn mọ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn, Cotonou ló wà nítòsí àwọn ará wa tó ń gbé ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n máa yà síbì kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní fojú kan ààlà Sèmè àti ọ̀nà Bàdágírì pẹ̀lú ẹrù. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó lẹ ń gbé, tí ẹnìkan sọ fún yín pé ti Cotonou dínwó, ẹ ka ìrìn Sèmè mọ́ ọn, àlọ àti àbọ̀, kí ẹ tó gbà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ìlú tóbi. Heathrow wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Gatwick wà ní gúúsù, nǹkan bíi kìlómítà 45 sí àárín ìlú. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn bí wọ́n bá gbọ́ 45 yẹn. Ṣùgbọ́n láti Gatwick, ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ sí London Bridge tààrà ní bíi ìṣẹ́jú 30, láti ibẹ̀ sì rèé, Peckham ti dé. Fún àwọn èèyàn wa tó wà ní gúúsù, Gatwick lè yá ju Heathrow lọ. Ní ti Thamesmead, tí Yorùbá pọ̀ sí bí ẹni wà ní Mushin, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tí wọ́n ṣí ní 2022 máa gbé yín láti Heathrow lọ sí Abbey Wood láìsọ̀kalẹ̀, ní bíi wákàtí kan. Ẹrù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 23 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà gun àtẹ̀gùn. Ohun tí ó bá jẹ́ kí ẹ má sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ yàn.

Bó bá jẹ́ Manchester lẹ ń lọ ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ "tààrà" máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ gba tààrà dé Heathrow, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Euston, ẹ tún fi wákàtí 2 àti díẹ̀ jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin. Tàbí kí ẹ gba Paris, Istanbul tàbí Doha, kí bàálù kejì sọ̀ yín sí Manchester gan-an. Àwọn méjèèjì ló yà. Ẹni tó ń yà ní pápákọ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a gbé ẹrù. Fún Manchester, bí físà àti aago ìdúró bá dáa, èmi á gba èyí tó ń yà.

Bí bàálù bá pẹ́

Òfin kan wà ní Ìlú Ọba tí ọ̀pọ̀ èrò láti Nàìjíríà kò mọ̀, kìlómítà ló sì gbé e dúró. Bí ìrìn yín bá ju kìlómítà 3,500 lọ, tí ẹ sì fi wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé nítorí àṣìṣe ilé iṣẹ́ bàálù, £520 ni wọ́n máa san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ wákàtí 3 sí 4, £260 ni. Ọyẹ́, ìjì àti ojú òfurufú tí ìjọba tì pa kò sí nínú rẹ̀. Okùn tààrà láti ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ gbéra dé ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì parí sí ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí náà kìlómítà 5,000 ni wọ́n máa kà, ẹ gba Casablanca ni o, ẹ gba Doha ni o.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ kan: láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó, òfin náà mú gbogbo ilé iṣẹ́. Láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba àti ti Yúróòpù nìkan ló mú. Ẹ tọ́jú káàdì tí ẹ fi wọ bàálù, ẹ má jù ú nù.

Ta ni kí ó gba èwo?

Àgbàlagbà, aláboyún, ẹni tó ń dá kó ọmọ wẹ́wẹ́ méjì, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa: tààrà. Bí owó kò bá tó, ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ yẹra fún oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá tí owó máa ń gòkè, ẹ rà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tààrà. Ẹ béèrè fún àga oníkẹ̀kẹ́ fún àgbàlagbà, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, bó tilẹ̀ lè rìn. Ẹni tó ń ti àga yẹn mọ gbogbo ẹnu ọ̀nà, kò ní jẹ́ kó sọnù.

Ọmọ ilé ìwé tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ara rẹ̀ le: kó gba èyí tó ń yà, kó fi owó tó kù ra ẹ̀wù òtútù. Oníṣòwò tó ń kó ọjà, kó kọ́kọ́ wo iye kílò tí wọ́n fún un kó tó wo ohunkóhun. Ẹni tó ní ìpàdé tàbí ìdánwò lọ́jọ́ kejì, kó má ya ibì kankan, kó sì lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Oògùn yín, ìwé yín àti aṣọ ọjọ́ kan, inú àpò ọwọ́ ni kó wà, bí bàálù yín tilẹ̀ jẹ́ tààrà. Bó bá máa yà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń dúró dè yín sórí ìwé, kí ẹ sì fi í sínú páásípọ́ọ̀tù. Ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màámi.

Oṣù keje tó ń bọ̀ ni ìyàwó àbúrò mi máa bí ìkejì. Tíkẹ́ẹ̀tì Màámi ti wà nílẹ̀: tààrà, Heathrow, bàálù àárọ̀, àga oníkẹ̀kẹ́. Èmi máa lọ kí ọmọ ní oṣù kẹsàn-án, Casablanca ni mo sì máa gbà, ìdúró wákàtí 3.